Ọpẹ́ Ẹnu, Ọpẹ́ Ọwọ́: Ìdúpẹ́ Nínú Ilé Mùsùlùmí

 Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá bá yín lóṣù yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀, kì í sì í ṣe ti aṣọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò kan ìkòkò, yóò sì kan àpò owó kí a tó parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni. Ẹ má ṣe wí pé ta ni kò mọ ọpẹ́ í dá. Ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́ ni ó rọrùn jù lọ láti máa ṣe láìfi ọkàn sí i.

Ẹ wo Àgọ́-Àmọ́dù, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí, ní Òkè-Ògùn níhìn-ín. Bí ìrun Àsùbáà bá ti parí, tí obìnrin méjì pàdé lọ́nà omi, tí èkíní béèrè pé, "Ṣé ẹ jí ire? Àwọn ọmọ ńkọ́?" ohun tí èkejì yóò kọ́kọ́ fi dáhùn ni "Alhamdulillahi." Ó lè jẹ́ pé ọmọ kò sùn lóru. Ó lè jẹ́ pé èlùbọ́ ti tán nínú àpò. Alhamdulillahi ni yóò ṣáájú, kí àlàyé tó tẹ̀ lé e. Orúkọ ìlú náà gan-an kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́dù ni ahọ́n Yorùbá sọ Ahmad dà, inú gbòǹgbò kan náà tí àwọn Lárúbáwá ti fa hamd yọ, èyí tí í ṣe ìyìn àti ọpẹ́, ni Ahmad sì ti jáde. Ibẹ̀ ni Muhammad, tí àwọn baba wa sọ di Mọ́mọ́dù, náà ti wá. Ọ̀rọ̀ kejì tí Lárúbáwá ní fún ọpẹ́ ni shukr. Òun ni ó bí Ṣùkúrátù tí ẹ̀yin mìíràn sọ ọmọbìnrin yín. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń pe ọmọ náà kí ó wá gbálẹ̀, ọpẹ́ ni ẹ ń pè.

Ẹ̀sìn tí ó mú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wá ti pẹ́ ní apá ọ̀dọ̀ wa. Àwọn òpìtàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ìsẹ́yìn kọ́ mọ́ṣáláṣí ní ọdún 1760, tí Ṣakí sì kọ́ tirẹ̀ ní 1790, kí Ọ̀yọ́ Ilé tó tú. Ó ti lé ní igba ọdún, nígbà náà, tí àwọn ìyá wa ti ń da ọpẹ́ Lárúbáwá pọ̀ mọ́ ọpẹ́ Yorùbá. Àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn jà. Yorùbá kì í jẹ àsè lánàá kí ó má kí alásè lónìí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀, a ó wí pé, "Ẹ kú ìnáwó àná." Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tí àáfà dé tí ó sì wàásí pé Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ọpẹ́ Ọlọ́hun kò tí ì pé lọ́wọ́ ẹni tí ó bá gbàgbé ọpẹ́ ènìyàn, àwọn ìyá wa mi orí. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọpẹ́ ń gbé

Onímọ̀ ńlá kan wà, Imam al-Ghazali, tí ó kú ní ọdún 1111. Nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìmọ̀ ẹ̀sìn, ojú kan náà ni ó to sùúrù àti ọpẹ́ sí, bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n. Ó kọ́ wa pé ìmọ̀ ni ó ń ṣáájú nínú ọpẹ́: kí a mọ̀ dájú pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni oore ti wá. Ayọ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ni ó kẹ́yìn, iṣẹ́ náà sì kan ọkàn, ó kan ahọ́n, ó kan ara. Ó ní ọpẹ́ ojú ni pé kí a bo àléébù tí a bá rí lára ọmọnìkejì, ọpẹ́ etí sì ni pé kí a bo èyí tí a bá gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú agbo ilé pẹ̀lú ìyàwó mẹ́rin, márùn-ún, tí ògiri kan ṣoṣo là yín láàrin, ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń wí. Ọ̀pọ̀ wa ni ahọ́n wa ti dúpẹ́ ní àárọ̀, tí etí wa kò sì tí ì dúpẹ́ títí di Àlàásárì.

Ti ahọ́n rọrùn láti kọ́. Nígbà tí a bá jí, kí a tó sọ̀kalẹ̀ lórí ẹní, a ń dúpẹ́ pé Ọlọ́hun dá ẹ̀mí wa padà lẹ́yìn oorun. Bí a bá jẹun tán, a dúpẹ́. Bí a bá sín, a dúpẹ́, ẹni tí ó wà nítòsí yóò sì bẹ Ọlọ́hun kí ó ṣàánú fún wa. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, a ń ka Alhamdulillahi ní ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lórí tẹ̀sùbáà tàbí lórí oríkèé ìka. Ẹni tí ó bá kí ìrun márààrún tí ó sì kà á pé yóò ti sọ ọ́ ní ìgbà 165 kí ó tó sùn, láìka èyí tí ó wà nínú ìrun fúnra rẹ̀. Bí ènìyàn bá sì ṣe wá lóore, kí á wí pé "Jasakallahu hairan," kí Ọlọ́hun fi oore san án fún un. Ànábì fi yé wa pé ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún olóore rẹ̀ ti dúpẹ́ dé òpin. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń rò pé gbólóhùn yìí wà fún àáfà nìkan, tàbí fún orí àga wàásí. Rárá o. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọkùnrin tí ó bá yín gbé omi sórí. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá Fúlàní tí ó ta wàrà fún yín tí ó sì fi ẹyọ kan ṣe èènì.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, ìforíkanlẹ̀ ọpẹ́. Nígbà tí ìròyìn ayọ̀ bá dé bá Ànábì, a gbọ́ pé ó máa ń fi orí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun ní ojú ẹsẹ̀. Imam Shafi'i àti Imam Ahmad gbà á bẹ́ẹ̀. Imam Malik, tí ọ̀pọ̀ àáfà ilẹ̀ wa ń tẹ̀ lé, kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àáfà àdúgbò yín, kí ẹ sì má ṣe torí rẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ kú ewu ọmọ

Nínú gbogbo ìkíni tí Yorùbá ní, kò sí èyí tí ó wọ̀ mí lára bí èyí tí a ń kí obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. A kì í kọ́kọ́ wí fún un pé ẹ kú oríire. "Ẹ kú ewu ọmọ" ni a ń wí. Àwọn tí ó dá ìkíni yìí sílẹ̀ mọ̀ pé ewu ni obìnrin náà ti la kọjá, pé òun àti ikú jọ wà nínú yàrá kan ni, Ọlọ́hun sì yọ ọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ a ó tún máa kí i pé, "Ẹ kú ọwọ́ lómi," nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní kúrò nínú omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ ọmọ mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ewu náà kò tí ì di ìtàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, ìyá tí ó bá a lọ tó 1,047. Àwọn ìlú ńlá tí ilé ìwòsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pẹ̀lú wà nínú ìṣirò yìí. Bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí oko ti jìnnà tó ní Òkè-Ògùn, àti ohun tí ọ̀nà ń fi ojú ọkọ̀ rí nígbà òjò. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ "Ẹ kú ewu ọmọ," tí ẹ sì dáhùn pé "Alhamdulillahi," ẹ mọ ohun tí ẹ ń dúpẹ́ lé lórí.

Ọpẹ́ ọwọ́ ni mo fẹ́ kí a fi ara balẹ̀ sí níbí. Kùránì, nínú Súrà Lùkùmánù, ẹsẹ̀ kẹrìnlá, so ọpẹ́ Ọlọ́hun àti ọpẹ́ òbí pọ̀ nínú àṣẹ kan ṣoṣo. Ìyá ni ó sì dárúkọ ìyà rẹ̀ níbẹ̀, bí ó ti ń gbé oyún tí àárẹ̀ ń gorí àárẹ̀, àti bí ó ti ń fún ọmọ lọ́mú títí di ọdún méjì. Bí Ọlọ́hun bá ka àárẹ̀ yín sí tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí ẹ̀yin fúnra yín kò fi kà á sí? Obìnrin tí ó lóyún tí ó ń lọ fún ìtọ́jú aboyún ní àsìkò, tí ó jẹun dáadáa, tí ó gbà kí agbẹ̀bí tí ó kọ́ṣẹ́ gbẹ̀bí rẹ̀, ọpẹ́ ara ni ó ń dá. Èyí tí ó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ tí a dá fún un, tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ òrí tàbí iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ dí òun lọ́wọ́, ọpẹ́ ni ó ń dá. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé, "Ọlọ́hun tí ó fún mi ni yóò ṣọ́ ọ." Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fún ní iṣu tí kò gbé e kúrò nínú òjò, ẹ kò lè pè é ní ọlọ́pẹ́.

Kí ẹ má sì gbàgbé agbẹ̀bí náà. Lẹ́yìn ìkómọ, ọ̀pọ̀ wa a máa rántí olórin, a máa rántí olùyàwòrán. A kì í rántí obìnrin tí kò fi ojú kan oorun ní òru ọjọ́ náà. Abọ́ mọ́sà kan àti ẹnu tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ tó fún un.

Ọpẹ́ tí ó di gbèsè

Nísinsìnyí a dé ibi tí ó ń ta púpọ̀ nínú yín lára. Ọmọ dé, inú ń dùn, ìdílé ọkọ ń wí pé àgbò méjì, ìdílé ìyàwó ń wí pé aṣọ ẹbí, àwọn ọ̀rẹ́ ń béèrè pé ta ni yóò lù fún wa. Bàbá ọmọ kò tí ì ta iṣu. Kí ni yóò ṣe? Yóò yá owó. Ìyá ọmọ yóò gba èsúsú tí ó fi ọdún kan dá. Nígbà tí ọmọ bá fi máa pé ogójì ọjọ́, gbèsè ti dàgbà jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹ̀sìn sọ gan-an. Àkíkà, ẹran tí a ń pa fún ọmọ tuntun, ọpẹ́ ni. Ọjọ́ keje ni Ànábì dá fún un. Nítorí pé àwọn àáfà wa kì í ka ọjọ́ tí a bí ọmọ mọ́ ọn, ó bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó wí pé ohun tí a fẹ́ ni, pé kì í ṣe ọ̀ranyàn, àti pé ẹni tí ó bá ní agbára ni ó wà fún. Àwọn kan wí pé àgbò méjì fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin. Ṣùgbọ́n Imam Malik, tí mo dárúkọ níṣàájú, sọ pé ẹran kọ̀ọ̀kan ni, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi àgbò kejì dẹ́rù bà, ẹ fi èyí sọ́kàn. Kò sí ibi kankan tí a ti kọ ọ́ pé kí a yá owó ra ẹran ọpẹ́ kí a lè borí àgbò aládùúgbò.

Ohun kan wà tí ó kéré tí ó sì lẹ́wà, tí àwa sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ó parẹ́. Nígbà tí Fátímà, ọmọ Ànábì, bí Hasan àti Husein, ó fá irun orí wọn, ó wọ̀n ọ́n, ó sì fi fàdákà tí ó wúwo tó irun náà ṣe sàráà fún àwọn tálákà. Irun orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, kí ni ó wúwo tó? Ọmọ Ànábì ni ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìdílé tí ó bá fún opó kan ní òṣùwọ̀n èlùbọ́ ní ọjọ́ ìkómọ ti dúpẹ́ ju ẹni tí ó dí títì fún ọkọ̀ lọ.

Sàráà pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn ìyá wa kì í pe sàráà ní àríyá. Bí àìsàn bá lọ, bí ọkọ bá ti ìrìn àjò dé, bí alálàá bá lá àlá tí kò yé e, wọn a rẹ ẹ̀wà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ó bá di àárọ̀ Jímọ̀ àkàrà ti délẹ̀, àwọn ọmọ ilé kéú á tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba àkàrà mẹ́ta àti ẹ̀kọ kan, wọn á ṣàdúrà, wọn á tú ká. Kí oòrùn tó mú, ó ti parí. Èmi kò rò pé ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ ní òde òní sàn jù ú lọ.

Láàrin tọkọtaya

Ìtàn kan wà tí Bukhari gbà wá láti ẹnu Ibn Abbas, tí gbogbo ìyàwó ilé yẹ kí ó mọ̀. Ànábì Ibrahim lọ wo ọmọ rẹ̀ Ismail ní Mẹ́kà. Kò bá a nílé, ó lọ dẹ ọdẹ. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bí nǹkan ti rí fún wọn. Obìnrin náà kò mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó tú gbogbo ìyà wọn sílẹ̀ fún àlejò, ó ní ìnira ni àwọn wà. Bàbá náà ní kí ó kí ọkọ rẹ̀, kí ó sì sọ fún un pé kí ó pààrọ̀ ìloro ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí Ismail dé tí ó gbọ́, ó mọ̀ pé bàbá òun ni, ó sì mọ̀ pé ìyàwó ni ìloro náà. Ìgbéyàwó parí. Nígbà tí Ibrahim tún padà wá, ìyàwó mìíràn ni ó bá. Òun dáhùn pé àwọn wà nínú ìrọ̀rùn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Kí ni wọ́n ń jẹ? Ẹran. Kí ni wọ́n ń mu? Omi. Kò sí ọkà, kò sí nǹkan mìíràn. Aṣálẹ̀ kan náà ni, ọdẹ kan náà ni. Ibrahim gbàdúrà ìbùkún sí ẹran àti omi wọn, ó sì ránṣẹ́ pé kí Ismail di ìloro rẹ̀ mú.

Àwọn oníwàásí fẹ́ràn ìtàn yìí, wọ́n a sì máa fi í lé àwọn obìnrin lórí, pàápàá nínú Ràmàdáánì. Mo gbà pé ó tọ́. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti gbéra láti ìdájí lọ sí oko, tí ó dé pẹ̀lú iṣu mẹ́fà, tí ìyàwó sì wí pé, "Èyí nìkan?" ẹnu yẹn ti ba nǹkan jẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ ṣé, Ọlọ́hun yóò bù sí i" kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí di yín lẹ́nu. Ọpẹ́ kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Hind, ìyàwó Abu Sufyan, tọ Ànábì lọ, ó sọ gbangba pé ahun ni ọkọ òun, pé kì í fún òun ní ohun tí ó tó òun àti ọmọ. Ànábì kò pè é ní aláìmoore. Ó ní kí ó mú nínú owó rẹ̀ ìwọ̀n tí ó tó òun àti ọmọ rẹ̀, láìṣe àṣejù. Ẹ rí i pé obìnrin méjì ni ó sọ àìní ilé wọn síta. Ọ̀kan sọ ọ́ fún àlejò ẹnu ọ̀nà tí kò mọ̀ rí, èkejì gbé e lọ síwájú ẹni tí ó lè dá ẹjọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ìṣirò kéde pé owó oúnjẹ ti fi nǹkan bí ìdá mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti oṣù kan náà ní ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀. Ọkọ tí ó ń fi iye owó tí ó ń fúnni tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń retí ọbẹ̀ àná, ẹ lè sọ fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ní àkókò tí ó ti jẹun tán, pé owó kò tó. Ẹ tún lè sọ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti dúpẹ́ èyí tí ó fi sílẹ̀.

Ó sì yẹ kí àwọn ọkọ pàápàá kọ́ ọpẹ́ dídá. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn máa ń ka ojú ewé yìí ní kọ̀rọ̀. Bàbá, ọbẹ̀ tí ẹ jẹ lánàá, ǹjẹ́ ẹ wí pé "Ẹ ṣé" lórí rẹ̀?

Ọwọ́ tí ó le nítorí ọlọ

Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìdílé Ànábì, èyí ni mo rò pé ó súnmọ́ ìyàwó Òkè-Ògùn jù lọ. Fátímà yìí kan náà ni ó ń lọ ọkà fúnra rẹ̀, títí ọlọ fi dá egbò sí i lọ́wọ́. Ó gbọ́ pé wọ́n kó ẹrú dé ọ̀dọ̀ bàbá òun, ó sì lọ béèrè ọ̀kan tí yóò máa ran òun lọ́wọ́. Kò bá bàbá rẹ̀ nílé. Ó sọ fún Áíṣà, ó sì padà. Ní alẹ́, nígbà tí òun àti Ali ọkọ rẹ̀ ti dùbúlẹ̀, Ànábì wọlé, ó jókòó láàrin wọn, ó sì kọ́ wọn ní ohun tí ó sàn fún wọn ju ìránṣẹ́ lọ: kí wọ́n máa ṣe àfọ̀mọ́ Ọlọ́hun ní ìgbà 33 kí wọ́n tó sùn, kí wọ́n dúpẹ́ fún un ní ìgbà 33, kí wọ́n sì gbé e tóbi ní ìgbà 34. Ali sọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé òun kò fi í sílẹ̀ rí, títí kan òru ogun Siffin.

Kì í ṣe pé egbò ọwọ́ náà sàn ní òru ọjọ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti gún òrí rí mọ̀ ọ́n: láti ìgbà tí èso ẹmi bá ti ń já bọ́ nínú òjò, ẹ ó ṣà á nínú igbó, ẹ ó sè é, ẹ ó sá a, ẹ ó pa á, ẹ ó yan án, ẹ ó gún un, ẹ ó lọ̀ ọ́, ẹ ó fi omi pò ó títí ọ̀rá yóò fi léfòó. Ẹ̀yìn ń dun ni. Bí ẹ bá wá dé orí ẹní lálẹ́, ọ̀nà méjì ni ọkàn lè gbà sùn. Ó lè máa ka ohun tí ó kù láti ṣe, èyí tí kì í tán; ó sì lè máa ka ohun tí a ti rí gbà. Àwọn tí wọ́n ti gbìyànjú èkejì sọ pé oorun ti ọ̀nà náà yá ju ti èkíní lọ, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Àwọn ọmọ ń wò yín

Ọmọ kì í kọ́ ọpẹ́ nínú wàásí. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ó ti ń kọ́ ọ. Láti ìgbà tí ó bá ti lè na ọwọ́, ẹ kọ́ ọ kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, kí ó wò ojú ẹni tí ó fún un, kí ó wí pé "Ẹ ṣé" kí ó tó fi sẹ́nu. Bí ó bá gbàgbé, ẹ gba nǹkan náà padà fún ìṣẹ́jú kan, yóò rántí.

Ìjà kékeré kan ti ń wọ inú ilé ní ọjọ́ wọ̀nyí lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó ti ilé kéú dé ń wí pé Ọlọ́hun nìkan ni a ń tẹríba fún, wọn kò sì fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́ fún ìyá àgbà mọ́. Inú ìyá àgbà sì ń bàjẹ́. Òtítọ́ ni pé ìforíkanlẹ̀ jẹ́ ti Ọlọ́hun nìkan, kò sì sí Yorùbá Mùsùlùmí tí ó ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó rò pé òun ń sìn ín. Àwọn onímọ̀ ń bá a lọ lórí rẹ̀. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé ọmọ tí kò bá ní kúnlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ohun mìíràn dípò rẹ̀: kí ó bẹ̀rẹ̀ ohùn, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́, kí ó jókòó ti ìyá àgbà, kí ó sì ṣe àdúrà fún un sí etí rẹ̀. Kí ó má ṣe dúró ṣánṣán bí òpó iná kí ó máa wí pé ẹ̀sìn ni.

Olóore tí ó ti lọ

Ó ku olóore kan tí a kì í sábà rántí, ẹni tí kò sí láyé mọ́ láti gbọ́ "Ẹ ṣé" wa. Khadija, ìyàwó àkọ́fẹ́ Ànábì, ni ó gbà á gbọ́ nígbà tí àwọn mìíràn kọ̀ ọ́, owó rẹ̀ ni ó sì fi ràn án lọ́wọ́. Ó kú ṣáájú kí wọ́n tó ṣí lọ sí Mẹ̀dínà. Láti ìgbà náà, bí Ànábì bá pa àgùntàn, a máa gé e sí wẹ́wẹ́, a sì máa fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ Khadija. Áíṣà tí ó sọ ọ́ fún wa kò fi pamọ́ pé òun máa ń jowú obìnrin tí òun kò fi ojú rí.

Ní Iléyá tí ń bọ̀, nígbà tí ẹ bá ń pín ẹran, tí ẹ ti fi ti ìdílé ọkọ sọ́tọ̀, tí ẹ ti fi ti aládùúgbò àti ti aláìní sọ́tọ̀, ẹ ro ẹni tí ó kọ́kọ́ fi bí a ti ń wẹ ọmọ hàn yín, ẹni tí ó gbà yín sílé ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ kọ́kọ́ dé ilé ọkọ tí ẹ kò mọ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti kú, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣì wà ní ọ̀nà ọjà, tí ó ti ń darúgbó, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ẹ di ẹran tirẹ̀, ẹ fi rán ọmọ, kí ẹ sì sọ fún ọmọ náà orúkọ ẹni tí yóò dá nígbà tí ìyá arúgbó náà bá béèrè pé nítorí ta ni.